Ọgbọ́n Inú Rolleiflex, Kámẹ́rà Olójú Méjì

Kámẹ́rà tí kò lo bátìrì, tí kò ní kọ̀ǹpútà nínú, tí ó jẹ́ pé irin, gíláàsì àti sípíríǹgì nìkan ni ó fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ohun àrà ní àárín ọ̀rúndún ogún, nítorí pé irú rẹ̀ ni gbogbo ayé ń lò nígbà náà. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọjà lásán, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí a fi ìfarabalẹ̀ ṣe débi pé ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ń wò lára wọn kò ní tètè gbé wọn sílẹ̀. Rolleiflex, tí ilé iṣẹ́ Franke & Heidecke ní ìlú Braunschweig ní Jámánì gbé jáde ní ọdún 1929, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára irú wọn. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ ni bí àwọn tí ó ṣe é ṣe pín iṣẹ́ láàárín ẹ̀rọ àti ènìyàn: ohun tí ayàwòrán lè gbàgbé, wọ́n gbé e lé irin lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ọdún ti ń gorí ọdún, ohun tí ó gba làákàyè, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ayàwòrán. Ẹni tí kò bá lóye ìpín yìí lè máa yin kámẹ́rà náà nítorí awọ dúdú àti irin dídán tí ó wà lára rẹ̀, èyí tí kì í ṣe ibi tí iyì rẹ̀ wà.

Paul Franke àti Reinhold Heidecke ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Voigtländer, ilé iṣẹ́ kámẹ́rà tí ó ti wà tipẹ́ ní Braunschweig kan náà, kí wọ́n tó dá ti ara wọn sílẹ̀ ní ọdún 1920. Franke ni ó mọ ọ̀rọ̀ òwò, Heidecke ni ó mọ ọ̀rọ̀ irin. Kámẹ́rà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní lẹ́ńsì mẹ́ta tí ó tò lọ ní ìbú: méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ń ya àwòrán méjì tí ó jọra, kí ẹni tí ó bá wò wọ́n pọ̀ lè rí ohun tí a yà bí ẹni pé ó yọ síta, ẹ̀kẹta tí ó wà láàárín sì jẹ́ ti ojú ayàwòrán. Nígbà tí wọ́n yọ ọ̀kan nínú àwọn lẹ́ńsì tí ń ya àwòrán kúrò, tí wọ́n sì gbé méjì tí ó kù lé orí ara wọn lóòró, ìpìlẹ̀ Rolleiflex ti délẹ̀.

Lẹ́ńsì ìsàlẹ̀ ni ó ń ya àwòrán, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an sì ni fíìmù wà. Lẹ́ńsì òkè kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú fíìmù; ìmọ́lẹ̀ tí ó bá gba inú rẹ̀ wọlé yóò kọlu dígí kan tí ó fì sẹ́yìn ní dígírì 45, dígí náà yóò dá ìmọ́lẹ̀ padà sókè sí ara gíláàsì pẹlẹbẹ kan tí a ti ha ojú rẹ̀ kí àwòrán lè rí ibi dúró sí. Ayàwòrán yóò gbé kámẹ́rà sí ìwọ̀n ikùn tàbí àyà rẹ̀, yóò ṣí ìdérí tí ó wà lókè, yóò sì tẹrí ba láti wo ohun tí ó fẹ́ yà. Àwòrán tí yóò rí kò dorí kodò, ṣùgbọ́n ọ̀tún rẹ̀ ti di òsì, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ń rìn lọ sí apá ọ̀tún, apá òsì ni yóò máa lọ lórí gíláàsì. Ó máa ń gba àkókò kí ọwọ́ ayàwòrán tó mọ ibi tí ó yẹ kí ó yí sí.

Nínú kámẹ́rà olójú kan, èyí tí ó gbilẹ̀ lẹ́yìn náà, lẹ́ńsì kan ṣoṣo ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, nítorí náà dígí inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fò sókè kúrò lójú ọ̀nà nígbàkígbà tí a bá fẹ́ ya àwòrán, ariwo yóò sọ, ara kámẹ́rà yóò gbọ̀n díẹ̀, ojú ayàwòrán yóò sì ṣókùnkùn ní ìṣẹ́jú náà gan-an tí ó yẹ kí ó máa ríran. Dígí ti Rolleiflex kì í kúrò níbi tí ó wà. Ayàwòrán ń rí ẹni tí ó ń yà kí ó tó tẹ bọ́tìnnì, nígbà tí ó ń tẹ̀ ẹ́, àti lẹ́yìn tí ó ti tẹ̀ ẹ́ tán, kò sì sí ariwo ju ìró tí-ín-rín kan lọ.

Ẹ̀bùn yìí ní gbèsè tirẹ̀. Lẹ́ńsì méjèèjì gbọ́dọ̀ máa rí ohun kan náà ní ọ̀nà kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí ó mọ́ kedere lójú ayàwòrán yóò rí wúruwùru lórí fíìmù. Kí àwòrán tó mọ́, lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ jìnnà sí fíìmù ní ìwọ̀n tí ó bá jíjìnnà ohun tí a ń yà mu. Bí ẹni tí a ń yà bá ń sún mọ́ tòsí, lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ máa sún síwájú. Nínú Rolleiflex, orí pátákó irin kan ṣoṣo ni lẹ́ńsì méjèèjì jókòó sí, kókó ńlá kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì tí ó ń sún pátákó náà síwájú tàbí sẹ́yìn. Ó rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátákó yìí gbọ́dọ̀ rìn pọ̀ láìsí pé ọ̀kan ṣáájú tàbí ọ̀kan kẹ́yìn, nítorí pé bí apá kan bá fi bíi ìbú irun orí ṣáájú èkejì, ẹ̀gbẹ́ kan àwòrán yóò mọ́, ẹ̀gbẹ́ kejì yóò rú. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Braunschweig wò, kókó yìí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dì mú, kí ó yí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀: kò gbọdọ̀ le níbì kan kí ó sì rọ̀ níbòmíràn, kò gbọdọ̀ mì, kò sì gbọdọ̀ sọ ìró kankan. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ṣì ń rìn bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro kan ṣì kù, èyí tí ó wá láti inú pé ojú òkè ga ju ojú ìsàlẹ̀ lọ. Bí ohun tí a ń yà bá jìnnà, ìyàtọ̀ náà kò jẹ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ó bá wà nítòsí, lẹ́ńsì òkè lè rí gbogbo orí ènìyàn nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ti gé gèlè rẹ̀ kúrò. Férémù kékeré kan wà lábẹ́ gíláàsì tí ó ń sún bí kókó òsì bá ti ń yí, tí ó sì ń bo apá tí lẹ́ńsì ìsàlẹ̀ kò ní lè rí. Ayàwòrán kò ní láti ṣírò ohunkóhun. Ohun tí ó bá rí ni yóò bọ́ sórí fíìmù.

Ibi tí ọgbọ́n kámẹ́rà yìí jinlẹ̀ jù ni ọ̀nà tí ó ń gbà ká fíìmù, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí àlàyé ti fara balẹ̀. Fíìmù tí a ń pè ní 120, tí ilé iṣẹ́ Kodak kọ́kọ́ mú jáde ní ọdún 1901, jẹ́ fíìmù gígùn tí a fi ìwé aláwọ̀ dúdú tẹ́ lẹ́yìn, tí a sì ká mọ́ ọ̀pá kékeré. Àwòrán méjìlá ni Rolleiflex ń yà sórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tí ìtóbi rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ bí a bá fi wé àwòrán orí fíìmù 35 mìlímítà. Nínú Rolleiflex ti 1929, ihò kékeré kan tí a fi gíláàsì pupa dí wà lẹ́yìn kámẹ́rà, ayàwòrán sì gbọ́dọ̀ máa yọjú sí i láti ka nọ́ńbà tí a tẹ̀ sẹ́yìn ìwé fíìmù kí ó tó mọ ibi tí yóò ti dúró. Bí ó bá gbàgbé láti ká fíìmù, àwòrán méjì yóò bọ́ sórí ara wọn. Bí ó bá ká a lẹ́ẹ̀mejì, àyè kan yóò ṣòfò. Ní ọdún 1932 ni irin gígùn kan tí a ń fi ọwọ́ yí, tí a lè pè ní ọwọ́ ìyí, dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kámẹ́rà náà láti gba iṣẹ́ kíká fíìmù ṣe.

Èyí tí wọ́n pè ní Automat, tí ó jáde ní ọdún 1937, ni ó fi òpin sí ihò pupa náà. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ máa ń fọwọ́ ba fíìmù láti mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ayàwòrán yóò fa orí ìwé fíìmù gba àárín ọ̀pá wẹ́wẹ́ méjì tí ó fara kanra, yóò fi í sínú ọ̀pá tí yóò gbà á ní òdìkejì, yóò pa ẹ̀yìn kámẹ́rà dé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ ìyí. Ìwé nìkan ni ó ń kọjá láàárín ọ̀pá méjèèjì ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé ibi tí a ti fi téèpù lẹ orí fíìmù mọ́ ìwé, ohun tí ń kọjá yóò nípọn sí i, ọ̀pá kan yóò sún díẹ̀, sísún yẹn nìkan sì tó láti gbé ẹ̀rọ ìkà dìde, tí yóò dá ọwọ́ ìyí dúró ní ibi àwòrán kìíní gẹ́lẹ́. Kò sí iná mànàmáná, kò sí ohunkóhun bí kò ṣe ìyàtọ̀ láàárín ìnípọn ìwé àti ìnípọn ìwé tí ó ní fíìmù àti téèpù lára. Ó yẹ kí a fi kún un pé ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ náà ti fi ohun kan sílẹ̀ fún ìrántí ènìyàn: ẹni tí ó bá gbàgbé láti fa ìwé gba àárín ọ̀pá méjèèjì yóò máa yí ọwọ́ ìyí lọ títí fíìmù yóò fi tán láìdúró níbì kan.

Lẹ́yìn àwòrán kìíní, ìṣòro mìíràn tún yọjú. Gẹ́gẹ́ bí òwú tí a ń ká mọ́ kẹ̀kẹ́ ìrànwú ti ń mú kí ó sanra sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá tí ń gba fíìmù ń sanra bí àwòrán ti ń pọ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá yí i ní ìwọ̀n kan náà ní gbogbo ìgbà, fíìmù tí yóò fà ní ìkẹyìn yóò gùn ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ìkà gbọ́dọ̀ mọ èyí, kí ó sì máa dín ìyípo kù bí ó bá ti ń lọ láti àwòrán kan sí òmíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fọ fíìmù tán, tí ó nà án síwájú ìmọ́lẹ̀, tí ó sì rí i pé àlàfo tí ó wà láàárín àwọn àwòrán méjìlá náà dọ́gba, kí ó mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ eléyín wẹ́wẹ́ inú kámẹ́rà náà ṣì pé.

Bí ọwọ́ ìyí bá ti lọ síwájú tí ó sì dúró, ayàwòrán yóò dá a padà sẹ́yìn, ìdápadà yìí sì ni ó ń fa sípíríǹgì ṣọ́tà le. Ṣọ́tà ni ilẹ̀kùn kékeré tí ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀ láti dé ara fíìmù, tí ó sì tún ń pa dé. Bọ́tìnnì kò ní ṣiṣẹ́ bí a kò bá tíì ká fíìmù, ọwọ́ ìyí kò sì ní lọ bí a kò bá tíì tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀kan ń ti èkejì mọ́lé títí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi pé. Ilé iṣẹ́ kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta kámẹ́rà mìíràn tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rolleicord, ní ọdún 1933. Òun náà ní ojú méjì, fíìmù kan náà ni ó ń lò, àwòrán rẹ̀ sì dára gan-an, ṣùgbọ́n kókó lásán ni a fi ń ká fíìmù rẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni irin tí a fi ń fa ṣọ́tà rẹ̀ le. Ẹni tí ó bá fi owó kún owó ra Rolleiflex dípò rẹ̀, apá tí ó tóbi nínú owó náà ni ó fi ra ìrántí.

Ṣọ́tà náà kì í ṣe iṣẹ́ Braunschweig. Compur ni orúkọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ Friedrich Deckel ní ìlú Munich ni ó sì ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ àwọn oníkámẹ́rà. Àwọn ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo ara wọn ní àárín lẹ́ńsì ni, wọ́n ń ṣí láti àárín lọ sí etí, wọ́n sì ń pa dé padà. Wọ́n lè ṣí sílẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì lè yára dé ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá. Sípíríǹgì nìkan tó fún èyí tí ó yára. Fún èyí tí ó lọ́ra, ọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ eléyín kan ń dá sípíríǹgì dúró, irú èyí tí ó wà nínú aago. Bí a bá fi í sí ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a sì gbé etí sún mọ́ ọn, a ó gbọ́ bí kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ṣe ń kùn. Bí kíkùn náà bá lọ geere títí dé òpin, ó dára. Bí ó bá ń falẹ̀, tàbí tí ó dúró ní ààbọ̀ ọ̀nà, epo inú rẹ̀ ti gan, kì í ṣe pé ó bàjẹ́, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ni yóò tú u, tí yóò fọ̀ ọ́, tí yóò sì tún un tò.

Ohun tí ó kù, ti ayàwòrán ni. Láàárín lẹ́ńsì méjèèjì, kẹ̀kẹ́ kékeré méjì wà, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì: ọ̀kan ń pinnu bí ihò lẹ́ńsì yóò ṣe fẹ̀ tó, èkejì ń pinnu bí ṣọ́tà yóò ṣe yára tó. Nọ́ńbà méjèèjì ń hàn nínú fèrèsé tí-ín-rín kan lórí lẹ́ńsì òkè, níbi tí ayàwòrán ti lè rí wọn láti òkè láì gbé orí. Bí oòrùn bá ń ràn, bí ẹni tí a ń yà bá dúró sábẹ́ igi, bí aṣọ rẹ̀ bá funfun tí ojú rẹ̀ sì dúdú, kámẹ́rà kò dá sí i. Àwọn kan nínú èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn, irú 3.5F ti 1958 àti 2.8F ti 1960, ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ń lo ohun tí a ń pè ní sẹlẹ́níọ̀mù, èyí tí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ń fún ní agbára láìsí bátìrì. Ó ń fi abẹ́rẹ́ tọ́ka, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ; bí ó bá kú, gbogbo ìyókù kámẹ́rà yóò máa ṣiṣẹ́ lọ.

Àwọn Yorùbá ní ìdí tiwọn láti mọ kámẹ́rà yìí. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a bí ní Paris ní ọdún 1902, bẹ̀rẹ̀ sí í lo Rolleiflex ní ọdún 1932, òun ni ó sì gbé rìn káàkiri ayé kí ó tó tẹ̀dó sí Salvador ní Bahia, ilẹ̀ Bràsíl, ní ọdún 1946. Láti òpin àwọn ọdún 1940 ni ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín Bahia àti ilẹ̀ Yorùbá, tí ó ń ya àwòrán àwọn olórìṣà ní etí òkun méjèèjì, títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ nífá ní Kétu, tí ó sì di Fátúmbí. Nǹkan bí 62,000 nẹ́gátíìfù ni ó fi sílẹ̀ nígbà tí ó kú ní ọdún 1996, àjọ tí ó dá sílẹ̀ ní Salvador ní ọdún 1988 sì ń tọ́jú wọn. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo àwọn àwòrán náà yóò rí ohun kan tí kì í ṣe ọgbọ́n Verger nìkan ni ó fà á: láti ìwọ̀n àyà ni ojú kámẹ́rà ti ń wo ènìyàn, nítorí náà ẹni tí a yà kì í kéré, ó máa ń dúró gbọin-gbọin bí ẹni tí ó ní ipò. Ẹni tí ń yà á sì wà ní ìtẹríba níwájú rẹ̀, kò gbé irin bo ojú ara rẹ̀. Bóyá ẹ̀rọ tí ó ń dojú kọ ènìyàn bí ìbọn ì bá rí irú àyè bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn àgbà olórìṣà, ó ṣòro láti gbà. Ní Bràsíl kan náà, orúkọ kámẹ́rà yìí wọ inú orin Desafinado tí Tom Jobim àti Newton Mendonça kọ, èyí tí ó fi hàn bí ó ti di ti gbogbo ìlú tó.

Kámẹ́rà náà ní àbùkù. A kò lè pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀, nítorí náà kò wúlò fún ẹni tí ń ya eré bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ pápá; àwọn kan nínú irú rẹ̀ wúwo ju kìlógíráàmù kan lọ; fíìmù rẹ̀ sì ń tán kíákíá. Àwọn ará Jàpáàn ṣe irú tiwọn, Minolta Autocord àti Yashica Mat ni ó sì gbayì jù nínú wọn. Ẹni tí ó kàn fẹ́ ya àwòrán dáadáa lè ra Yashica kí ó má sì kábàámọ̀. Lórí ìwé fótò, agbára káká ni ojú fi lè mọ ìyàtọ̀. Inú ọwọ́ ni ìyàtọ̀ wà, àti nínú ogójì ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Iyì yìí náà kò gba ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀: nígbà tí kámẹ́rà olójú kan láti Jàpáàn gba ọjà, gbèsè wọlé, ilé iṣẹ́ náà sì wó ní ọdún 1981, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà tún padà sí ọjà lẹ́yìn náà.

Ẹni tí irú rẹ̀ bá tẹ̀ lọ́wọ́, bóyá láti inú àpótí òbí tí ó ṣe iṣẹ́ fótò, kí ó má ṣe fi agbára yí ohunkóhun tí ó bá gan, kí ó má sì ta epo sí i, nítorí pé epo yóò ṣàn dé ara ewé ṣọ́tà, yóò sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Dígí inú rẹ̀ kò ṣeé fi aṣọ nù, ojú rẹ̀ gan-an ni a kùn. Ní ìlú etí òkun bí Èkó tàbí Salvador, ọ̀tá tí ó burú jù ni ọ̀rinrin, èyí tí ó ń mú kí nǹkan bu sára gíláàsì lẹ́ńsì gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bu sára búrẹ́dì. Àpò awọ tí ó bá kámẹ́rà wá ni ibi tí ó burú jù láti tọ́jú rẹ̀ sí, nítorí pé awọ máa ń gba omi mọ́ra. Kí ó wà níbi gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí a sì máa yí i, kí a máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Fíìmù 120 ṣì ń jáde láti ilé iṣẹ́ Kodak àti Ilford títí di òní, Rolleiflex ti 1937 yóò sì gbà á láìsí àtúnṣe kankan.